Ohun Tí Pẹ́ńtà Gbà

Oníbọ́tìnì ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Bọ́tìnì ló ń rán mọ́ aṣọ tí ẹlòmíràn ti rán.

Ilé àwọn télọ̀ ló ti ń ṣiṣẹ́, nínú yàrá tó kángun sí ẹ̀yìn. Yàrá náà kò fẹ̀. Tábìlì kan ló wà níbẹ̀, àti àga kan, àti gílóòbù tó rọ̀ sórí tábìlì, àti fèrèsé tó kọjú sí ògiri ilé kejì. Bí ó bá na ọwọ́ síta lójú fèrèsé, á kan ògiri náà. Inú agolo mílíìkì ló ń kó bọ́tìnì rẹ̀ sí, funfun lọ́tọ̀, dúdú lọ́tọ̀, èyí tó bá sì ti sọ ẹnìkejì rẹ̀ nù wà nínú agolo tirẹ̀.

Àwọn télọ̀ á ju ṣẹ́ẹ̀tì sórí tábìlì, wọ́n á ní, "Oníbọ́tìnì, kíá o, ẹni tó ni ín ti jókòó tì wá." Òun kì í ṣe kíá. Á kọ́kọ́ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ibi tí bọ́tìnì máa jókòó. Á la ojú bọ́tìnì, á fi òwú ká etí ojú náà kí ó má baà ya. Tó bá wá kan bọ́tìnì, á fi igi ìṣáná kan há abẹ́ rẹ̀, á rán an mọ́ aṣọ pẹ̀lú igi náà níbẹ̀. Bó bá rán an tán, á yọ igi, á fi òwú wé ọrùn bọ́tìnì, á sì fi eyín já òwú. Àyè tí igi ìṣáná fi sílẹ̀ ni bọ́tìnì fi ń mí. Bọ́tìnì tí wọ́n bá rán le mọ́ aṣọ láìsí àyè, já ló máa já.

Bàbá Télọ̀, ẹni tó ni ilé iṣẹ́ náà, a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

"Oníbọ́tìnì, bí aṣọ bá gbó tán, bọ́tìnì tìẹ á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá ọkọ."

"Ó sàn ju aṣọ yín lọ, Bàbá, tó ń wá bọ́tìnì rẹ̀ káàkiri ojú ọ̀nà."

Ọkọ rẹ̀ ti kú. Kò bímọ. Ẹnì kan ṣoṣo tó ṣẹ́kù fún un ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin tí wọ́n ń pè ní Pẹ́ńtà. Iṣẹ́ ilé kíkùn ni Pẹ́ńtà ń ṣe. Nígbà tí ìyá àti bàbá wọn kú, Oníbọ́tìnì ṣì ń tọwọ́ bọ ẹnu, Pẹ́ńtà fúnra rẹ̀ kò sì tíì hu irùngbọ̀n. Òun ló tọ́ ọ. Bó bá ń lọ síbi iṣẹ́, á gbé e dání, á fi í jókòó sórí agolo ọ̀dà tó ti ṣófo, á ní kí ó máa bá òun ṣọ́ àkàbà kí olè má gbé e. Kò sí olè kankan. Ó kàn fẹ́ kí ọmọ náà rò pé òun ń ṣiṣẹ́ ni. Nígbà tó dàgbà, ó fà á lé Bàbá Télọ̀ lọ́wọ́. Nígbà tó fẹ́ lọ́kọ, òun ló dúró bíi bàbá. Nítorí náà, Kékeré ló ń pè é títí orí obìnrin náà fi funfun. Oníbọ́tìnì náà kò pè é ní ohun mìíràn ju Bọ̀ọ̀dá mi lọ.

Lẹ́yìn ikú ọkọ rẹ̀ ni Oníbọ́tìnì gba Jésù. Pẹ́ńtà kò gbà. Ohun tó dá àárín àwọn méjèèjì sọ́tọ̀ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ó tó.

Ní ọjọ́ Ìsinmi, bí wọ́n bá ti jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì, ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń gbà lọ. Á gbé oúnjẹ lọ fún un. Pẹ́ńtà á ti fi kẹrosíìnì fọ ọwọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀dà kì í kúrò lábẹ́ èékánná rẹ̀. Bó bá jẹun tán, á pa rédíò.

"Ó yá, Kékeré. Kí ni Ọlọ́run wí lónìí?"

Á sọ ìwàásù náà fún un láti orí dé ìdí. Pẹ́ńtà kì í já a lẹ́nu. Kì í sì í sùn. Bó bá parí, á mi orí.

"Mo gbọ́."

"Ṣé ẹ gbà?"

"Mo gbọ́ ni mo wí."

"Bọ̀ọ̀dá mi, ìgbàgbọ́ là ń sọ."

"Ṣebí gbà àti gbọ́ ló pàdé tó di gbàgbọ́? Mo ti mú ọ̀kan. Ìdajì ti wà nílé. Jẹ́ kí n sinmi díẹ̀."

Ìgbà àkọ́kọ́ tó sọ ọ́, àwọn méjèèjì jọ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, Pẹ́ńtà nìkan ló ń rẹ́rìn-ín sí i.

Kì í ṣe pé ó ń fi Ọlọ́run ṣẹ̀sín. Lọ́jọ́ kan tí àbúrò rẹ̀ sunkún níwájú rẹ̀, ó gbé àga sún mọ́ ọn.

"Kékeré, gbọ́. Wọ́n ní iná ni fún ẹni tí kò bá gbà. Mo ti kunlé fún onírúurú ènìyàn, fún oníjà, fún ọ̀mùtí. Èyí tó ní òun á sun mí bí mi ò bá fẹ́ràn òun, mi ò tíì rí i nínú wọn."

"Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀, Bọ̀ọ̀dá mi."

"Mo lè ní mo gbà, kí o lè nu ojú rẹ. Irọ́ ni. Ta ni mo wá pa á fún? Kì í ṣe ìwọ. Ẹni tí ìwọ fúnra rẹ ní ó mọ inú ni. Ṣé irọ́ lo fẹ́ kí n fi wọlé?"

Oníbọ́tìnì fi etí aṣọ nu ojú.

"Bí mo bá gbà lọ́jọ́ kan," ni Pẹ́ńtà wí, "ìwọ ni màá kọ́kọ́ sọ fún. Mi ò ní lọ bá pásítọ̀. Ẹnu mi lo ti máa gbọ́ ọ."

Pẹ́ńtà kì í sọ ohun tí kò ní lọ́kàn. Bó bá ní òun ń bọ̀, ó ń bọ̀ nìyẹn. Bó bá ní ọ̀dà kan máa ṣí, ó máa ṣí. Ọ̀rọ̀ yẹn ni àbúrò rẹ̀ dì mú. Ó ń retí rẹ̀ bí ẹni tó ń retí ọmọ tó lọ sí ìdálẹ̀.

Láràárọ̀ ló ń kúnlẹ̀ lẹ́sẹ̀ ibùsùn. Àdúrà rẹ̀ kò gùn. "Olúwa, gba ẹ̀gbọ́n mi. Bí kò bá fẹ́, fi tipátipá gbà á." Ó gbà á bẹ́ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ kó tó sọ fún Pásítọ̀. Ọ̀dọ́kùnrin ni Pásítọ̀, ohùn rẹ̀ kì í lọ sókè kódà lórí pẹpẹ.

"Màmá," ló wí, "Ọlọ́run kì í fi tipá mú ẹnikẹ́ni. Ó fún ọmọ ènìyàn ní àyè kí ó fúnra rẹ̀ yàn."

"Ó yé mi, sà. Igi ìṣáná ni."

Ọ̀rọ̀ náà kò yé Pásítọ̀. Oníbọ́tìnì fi bọ́tìnì ṣàlàyé rẹ̀ fún un. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun máa lò ó nínú ìwàásù.

"Ṣùgbọ́n, sà, bí Ọlọ́run ò bá ní mú wọn, kí ni mò ń jí bẹ̀ ẹ́ pé kí ó ṣe?"

"Kí ó rọ ọkàn wọn, Màmá."

"Tó bá rọ̀ ọ́ títí tí wọ́n fi gbà, ṣé àwọn ló gbà, àbí Ọlọ́run ló bá wọn gbà?"

Pásítọ̀ fọwọ́ pa àgbọ̀n.

"Méjèèjì ni. Bó ṣe jẹ́, mi ò lè là á yé yín. Ẹ ṣáà má dákẹ́ àdúrà."

Kò dákẹ́. Ó kàn yọ tipátipá kúrò níbẹ̀. "Olúwa, jẹ́ kí ó gbà kí ó tó kú." Ní àárọ̀ mìíràn, tí ẹ̀rù bá bà á púpọ̀, ó máa ń dá tipátipá padà.

Ikọ́ ló kọ́kọ́ dé. Pẹ́ńtà ní eruku ni. Eruku ni lóòótọ́. Dókítà ní eruku ọ̀dà àtijọ́ tó ń fi pépà oníyanrìn họ kúrò lára ògiri láti ìgbà èwe ti kún inú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, kò sì sí ohun tí àwọn lè fi kó o jáde. Wọ́n dá a dúró ní ọsibítù. Ògiri ni ibùsùn rẹ̀ kọjú sí.

"Ta ló kun ibí yìí?" ló bi àbúrò rẹ̀. "Ìgbálẹ̀ ló fi kùn ún ni? Ẹ gbé mi lọ síbòmíràn. Mi ò fẹ́ kú síwájú iṣẹ́ burúkú."

"Ẹ ò ní kú, Bọ̀ọ̀dá mi."

"Mo gbọ́."

Nọ́ọ̀sì kan wà tó ń tọ́jú rẹ̀, ọmọbìnrin jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ kan tó máa ń fi aṣọ bo imú. Ìrora ti ń mú Pẹ́ńtà gan-an nígbà náà. Abẹ́rẹ́ wà tó lè mú un rọlẹ̀, ṣùgbọ́n ó máa ń kunni lóorun, Pẹ́ńtà kò sì gbà á. Ó ní oorun pọ̀ níwájú, kí wọ́n jẹ́ kí òun lajú ná.

Ní ọ̀sán ọjọ́ tó kú, ooru mú. Láti òwúrọ̀ kò tíì bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ẹ̀rọ atẹ́gùn tó fi ń mí ń ké lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí rẹ̀. Àbúrò rẹ̀ jókòó lápá òsì, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó di ojú. Ó gbàdúrà díẹ̀, lẹ́yìn náà ó fi ẹnu kan etí ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Bọ̀ọ̀dá mi, Kékeré ni. Mi ò ní wàásù mọ́. Ṣé ẹ gbà?"

Kò dáhùn. Oníbọ́tìnì kò la ojú. Ó ń dúró.

"Mo gbà," ni Pẹ́ńtà wí. Ohùn rẹ̀ já gaara.

Obìnrin náà rọra sọ̀kalẹ̀ lórí àga, ó kúnlẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó gbé orí lé etí ibùsùn. Nígbà tó gbójú sókè, nọ́ọ̀sì ń to àwọn ohun èlò rẹ̀ sórí àwo ní apá kejì, Pẹ́ńtà sì ti ń sùn lọ. Kò jí mọ́. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti dákẹ́.

Nígbà tí wọ́n ń sin ín, Pásítọ̀ pè é ní arákùnrin wa. Ẹnikẹ́ni kò pè é bẹ́ẹ̀ rí. Oníbọ́tìnì sunkún, ṣùgbọ́n ẹkún tí kò korò ni. Ó jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n pàtẹ́wọ́, àwọn kan dìde dúró. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sùn dáadáa. Ó ń kọrin nídìí bọ́tìnì.

"Oníbọ́tìnì," ni Bàbá Télọ̀ wí, "ṣé òkú lo sin ni, àbí ìyàwó lo gbé?"

"Ẹ̀gbọ́n mi délé ni, Bàbá."

Pásítọ̀ wá ní òun fẹ́ ya ọjọ́ Ìsinmi kan sọ́tọ̀ fún àwọn tí ará ilé wọn kò tíì gbàgbọ́. Ó fẹ́ kí Oníbọ́tìnì wá sọ ẹ̀rí náà, kó sọ ọ́ kúnná. Oníbọ́tìnì ní òun á wá.

Inú rẹ̀ dùn débi pé ó fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì náà. Ó ra aṣọ funfun, Bàbá Télọ̀ rán an ní ẹ̀wù iṣẹ́, òun fúnra rẹ̀ rán bọ́tìnì sí i. Ó gbé e lọ sí ọsibítù. Ó bá ọmọbìnrin náà nínú yàrá kékeré tí wọ́n ń kó aṣọ ibùsùn sí, ó ń ká aṣọ. Ọmọbìnrin náà yọ̀, ó gbé ẹ̀wù náà lé àyà.

"Ẹ ṣé gan-an, Mà. Bàbá yẹn, mi ò lè gbàgbé wọn. Orí wọn le. Abẹ́rẹ́ yẹn, bí mo ṣe bẹ̀ wọ́n tó."

"Wọn ò fẹ́ kí wọ́n fi oorun tan àwọn."

"Àfi ọ̀sán ọjọ́ tó kẹ́yìn. Ìrora yẹn ti pọ̀ jù. Mo ní, Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ gbà kí n fún yín? Wọ́n ní, Mo gbà. Inú mi dùn. Mo tètè gún un kí wọ́n tó yí ọkàn padà."

Oníbọ́tìnì ń bá a de bọ́tìnì ọrùn ẹ̀wù náà. Ọwọ́ rẹ̀ dúró.

"Ìgbà wo lo wí?"

"Ẹ wà níbẹ̀, Mà. Ẹ di ọwọ́ wọn mú, ẹnu yín ń mì. Mi ò fẹ́ dí yín lọ́wọ́, mo rọra sọ ọ́ ni."

"Mi ò gbọ́ ọ."

"Ẹ̀rọ yẹn ń pariwo. Mo sì fi aṣọ bo imú."

"Ìwọ ńkọ́? Ṣé o gbọ́ ohun tí mo bi wọ́n?"

"Ẹ bi wọ́n ní nǹkan ni? Mo rò pé Ọlọ́run lẹ̀ ń bá sọ̀rọ̀."

Oníbọ́tìnì jókòó sórí aṣọ ibùsùn tí wọ́n ti ká.

"Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ní àwọn gbà, àbí ẹ̀ẹ̀kan?"

"Ẹ̀ẹ̀kan, Mà."

"Ta ni wọ́n kọjú sí?"

"Ojú wọn dì. Ṣùgbọ́n wọ́n na apá ọ̀tún sí mi. Ìyẹn ni mo fi mọ̀ pé wọ́n gbọ́ mi." Ọmọbìnrin náà wò ó. "Kí ló dé, Mà? Ṣé mo ṣe ohun tí kò dáa ni?"

"Rárá, ọmọ mi. O gba Bọ̀ọ̀dá mi lọ́wọ́ ìrora. O ṣeun." Ó dìde, ó na ọrùn ẹ̀wù náà. "Bọ́tìnì òkè yìí, bó o bá fẹ́ bọ́ ọ, má fà á. Tú u ni."

Lójú ọ̀nà, ọwọ́ òsì Pẹ́ńtà ló ń rò. Ó ń wá a nínú ọwọ́ tirẹ̀ bóyá ó fún un mọ́ra nígbà tó ní òun gbà. Kò rántí pé ó fún un. Kò sì rántí pé kò fún un. Ọwọ́ tó wà níbẹ̀ ṣáà ni.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì ó kúnlẹ̀ lẹ́sẹ̀ ibùsùn, ẹnu rẹ̀ kò rí ọ̀rọ̀ kankan mú. Ìjọ wọn kì í gbàdúrà fún òkú. Ẹni tó bá kú ti kúrò lábẹ́ àdúrà, bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nìyẹn. Láti ìgbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti kú, ọpẹ́ ló fi rọ́pò ẹ̀bẹ̀. Ní báyìí kò mọ̀ bóyá ohun tó ń dúpẹ́ fún ṣẹlẹ̀.

Níbi iṣẹ́, ó la ojú bọ́tìnì sí apá tí kò yẹ lára ṣẹ́ẹ̀tì tuntun. Irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ sí i rí. Ó mú un lọ fi han Bàbá Télọ̀. Bàbá Télọ̀ wo ṣẹ́ẹ̀tì náà, ó wo ojú rẹ̀, kò fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

"Máa lọ sílé, Oníbọ́tìnì."

Kò lọ sílé. Ọ́fíìsì Pásítọ̀ ló lọ. Àga rọ́bà méjì ló wà níbẹ̀, àti fáànù tó ń yí orí bí ẹni tó ń kọ̀. Ìwé ìpè sí ìsìn ọjọ́ Ìsinmi ti wà lórí tábìlì ní òkìtì. Bọ́tìnì kejì lára ṣẹ́ẹ̀tì Pásítọ̀ ti fẹ́ já. Ó rí i bó ti wọlé. Lọ́jọ́ mìíràn, á ti mú abẹ́rẹ́ jáde nínú báàgì.

Ó sọ ohun tí nọ́ọ̀sì sọ. Kò fi kún un, kò sì yọ nínú rẹ̀. Pásítọ̀ gbọ́ ọ tán.

"Màmá, kò túmọ̀ sí pé ẹ̀yin kọ́ ni wọ́n dá lóhùn."

"Kò sì túmọ̀ sí pé èmi ni, sà."

"Ọlọ́run mọ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Ọlọ́run ló mọ̀, èmi lẹ sì ní kí n wá sọ ọ́."

Pásítọ̀ tún àwọn ìwé náà tò, bẹ́ẹ̀ wọ́n ti wà létò tẹ́lẹ̀.

"Sà, mo fẹ́ béèrè nǹkan kan," ni Oníbọ́tìnì wí. "Àná wa yìí, ṣé ó ti kọjá lójú Ọlọ́run náà?"

"Kò sí ohun tó kọjá lójú Ọlọ́run."

"Bí mo bá kúnlẹ̀ lónìí, tí mo ní kí ó jẹ́ kí Bọ̀ọ̀dá mi gbà á ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn, ṣé ó ti pẹ́ jù?"

"A kì í gbàdúrà fún òkú, Màmá."

"Mo mọ̀, sà. Ìgbà tí wọ́n ṣì wà láàyè ni mò ń sọ."

Fáànù yí sí ọ̀dọ̀ Pásítọ̀, ó yí sí ọ̀dọ̀ obìnrin náà, ó tún padà.

"Mi ò mọ̀," ni Pásítọ̀ wí. "Wọn ò kọ́ mi ní ìyẹn."

"Ẹ ṣé, sà, tí ẹ ò fi purọ́ fún mi."

"Ṣùgbọ́n ọjọ́ Ìsinmi ńkọ́? Obìnrin kan wà nínú ìjọ yìí, ó ti fẹ́ jáwọ́ nínú àdúrà lórí ọkọ rẹ̀. Ẹ̀rí yín ló gbé e dìde. Tí ẹ bá ní ẹ ò mọ̀, kí ni kí n sọ fún un?"

"Ẹ sọ fún un pé kó lajú nígbà tó bá ń béèrè."

Pásítọ̀ kò rẹ́rìn-ín. Oníbọ́tìnì náà kò sọ ọ́ fún ẹ̀rín.

"Ẹ lè kàn sọ pé ẹ bi wọ́n, ẹ sì gbọ́ tí wọ́n ní àwọn gbà. Irọ́ kọ́ nìyẹn, Màmá."

"Kì í ṣe irọ́, sà. Ṣùgbọ́n Bọ̀ọ̀dá mi ò ní sọ ọ́."

Níta, ẹnì kan ń gbá àgbàlá ṣọ́ọ̀ṣì, ìgbálẹ̀ náà ń họ ilẹ̀. Pásítọ̀ sún àga rẹ̀ síwájú. Ohùn rẹ̀ tún wá lọ sílẹ̀ sí i.

"Ẹ fi ti ọjọ́ Ìsinmi sílẹ̀. Mi ò ní fi dandan lé e. Ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀ báyìí. Ẹ gbà pé Ọlọ́run kì í ṣe ìkà. Ẹ gbà pé ẹkún tí ẹ sun lórí wọn láti ọdún wọ̀nyí kò lè ṣòfò lójú rẹ̀. Ṣé ẹ gbà, Màmá?"

Oníbọ́tìnì wò ó pẹ́. Ó ń wá a nínú ara rẹ̀, bí ó ti wá ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lójú ọ̀nà.

"Mo gbọ́, sà," ló wí.

Ó mú báàgì rẹ̀ nílẹ̀, ó dìde, ó sì jáde.